Òtútù Kánádà Ti Ká Mi Mọ́lé ní Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìbàdàn ni mò ń gbé, níbi tí oòrùn ti ń ta èèyàn lágbárí láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ṣùgbọ́n òtútù Winnipeg, ní Kánádà, ló ń jọba nínú ilé tí mo fi owó ara mi kọ́. Kí n tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ láàárọ̀, àkọ́bí mi tó fẹ́ kó lọ síbẹ̀ á ti yọjú pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́: "Dádì, ẹ káàárọ̀ sà. Winnipeg ti já sí ìwọ̀n 20 nísàlẹ̀ òdo o." Á fi ìbànújẹ́ sọ ọ́, bí ẹni pé àbúrò mi kan wà níbẹ̀ tára rẹ̀ kò yá.

Nínú oṣù kẹta tó kọjá, òjò àkọ́rọ̀ ṣú dùdù lórí òrùlé wa. Gbogbo àwọn ọmọ wà nílé, kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Agbádá tí mo fẹ́ wọ lọ síbi ìgbéyàwó lọ́jọ́ kejì wà lórí okùn, ó rin gbìndìngbìndìn. Mo bi àkọ́bí mi pé kí ló dé tí kò ká aṣọ. Ó ní fóònù òun ò sọ pé òjò máa rọ̀. Mo wo fóònù náà: ojú ọ̀run Winnipeg ló ń wò.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé n kò lè bá a jiyàn, nítorí ó ti kàwé. Ó mọ̀ pé ní Snag, lágbègbè Yukon, lọ́jọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1947, òtútù já wálẹ̀ dé 63 nísàlẹ̀ òdo. Ó mọ̀ pé ní Lytton, ní British Columbia, ooru gòkè dé 49.6 lọ́jọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2021, iná sì jó èyí tó pọ̀ jù nínú ìlú náà lọ́jọ́ kejì. Mo fò dìde níbi tí mo jókòó sí. Tó bá jẹ́ ooru ni, ṣé ti ilé yìí ò tó wa ni? Ó ní ìyẹn kì í ṣe ojoojúmọ́.

Ó tún sọ fún wa pé ní ibi tí òtútù ti pọ̀ ní Kánádà, wọ́n máa ń ki wáyà ọkọ̀ bọ iná mọ́jú, kí ẹ́ńjìnnì má baà dì gbagidi. Ẹ gbọ́ ná. Ọkọ̀ tèmi náà kì í fẹ́ jí láàárọ̀, nínú ooru ìbílẹ̀ wa yìí, kò sì sí ọmọ kankan tó ṣe ìwádìí lórí tirẹ̀. Ó ní ní Churchill, létí Hudson Bay, àwọn kan kì í ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ wọn, kí ẹni tí béárì funfun bá ń lé lè rí ibi kó sí. Ìyá wọn pariwo Jésù. Ọmọ ní irú béárì bẹ́ẹ̀ kì í rìn kiri nígboro Winnipeg. Ìyá rẹ̀ ní, "Ta ló sọ fún béárì náà?"

Ì bá dára ká ní ó mọ sórí ìwé. Rárá o, àkọ́bí mi ní òtútù gbọ́dọ̀ mọ́ òun lára kí òun tó dé ibẹ̀. Á gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí 16, á wọ jákẹ́ẹ̀tì òkìríkà tó nípọn bíi tìmùtìmù, á jókòó síwájú rẹ̀, á máa gbọ̀n. Báńdì A olówó gọbọi ni iná àdúgbò wa. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí Báńdì A, ẹ kú ìrọ́jú. Èmi ni mò ń sanwó kí ọmọ mi lè máa gbọ̀n.

Síbẹ̀, tirẹ̀ ṣì sàn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló gbé Faransé wọlé. Wọ́n ní láti ọdún 2023 ni ìjọba Kánádà ti ń ṣa àwọn tó gbọ́ Faransé lọ́tọ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ wá ṣiṣẹ́. Ọmọ ti kọ́ mi débi pé mo mọ̀ pé ní Quebec, Faransé nìkan ni èdè ìjọba, pé ní New Brunswick, òun àti Gẹ̀ẹ́sì jọ ń pín in, àti pé Northwest Territories ní èdè ìjọba 11, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn ibẹ̀ ò tó 50,000. Kí ni mo fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ṣe? Mo ní kí ọmọ kan ṣoṣo sọ ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá bá wa fún mi. Ìkan ní, "Láti òkè." Èkejì ń wá nẹ́tíwọọ̀kì.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan ní Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Yorùbá pọ́ńbélé, tó máa ń fi Faransé bá àwọn aṣọ́bodè jà títí wọn á fi bẹ̀ ẹ́. Mo ní kí ọmọ lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀: oúnjẹ ọ̀fẹ́, Faransé ọ̀fẹ́. Ó ní rárá, olùkọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lòun fẹ́, ẹni tó mọ ìdánwò Faransé tí wọ́n ń pè ní TEF dunjú. Mo sanwó. Lọ́jọ́ kan mo yọjú sí kọ̀ǹpútà láti kí òyìnbó tó ń jẹ owó mi. Mo ní, "Bonjour." Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ lórí àga, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ilé ń kọ́?" Ọmọ Pọ́bẹ̀ ni. Kùtọnu ló ń gbé.

Àwọn ọmọ ní kí n má bínú, pé táwọn bá dé ọ̀hún, àwọn á fi físà òbí ránṣẹ́, irú èyí tí bàbá àti ìyá lè fi jókòó tọmọ fún ọdún 5 gbáko. Ọdún márùn-ún! Níbo ni n ó gbé àga sí nírọ̀lẹ́? Ta ni yóò kọjá tí n ó kí i pé ẹ kú ọ̀gìnnìtìn, tí yóò sì dúró dáhùn? Ìyá wọn ò tilẹ̀ bèèrè. Ó ti bẹ̀rẹ̀ kíláàsì Faransé tirẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, owó rẹ̀ sì ti dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ní kó lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Kétu. Ó ní Faransé Kétu ò ní máàkì.