Àjò Dùn, Onílé Gbélé Dání

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àwọn tó pa òwe yìí gbà pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe: bó ti wù kí ibi tí èèyàn lọ gbádùn mọ́ ọn tó, tó bá yá, àárò ilé á sọ ọ́, á di ẹrù, á sì gbọ̀nà ilé. Ohun tí wọn ò rò ni pé ìran kan ń bọ̀ tí yóò gba ẹ̀bùrú yọ sí òwe náà. Ìran ọ̀hún ní, bó bá jẹ́ pé dandan ni kí onílé relé, kí ló dé tí kò ní gbé ilé ọ̀hún dání?

Ẹni tó bá fẹ́ rí wọn, kó kúrò ní Atlanta nígbà ooru, kó forí lé àríwá títí yóò fi dé adágún omi Lanier. Odò Chattahoochee ni àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ ọmọ-ogun Amẹ́ríkà fi dáàmù dí ní Buford, tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí kún ibẹ̀ ní 1956. Èèyàn tó bá tọ etí omi náà yípo, kọ̀rọ̀ dé kọ̀rọ̀, á rin nǹkan bíi 690 máìlì. Ibùdó ìpàgọ́ pọ̀ níbẹ̀: Bald Ridge Creek, Duckett Mill, Old Federal. Iná mànàmáná wà, omi ẹ̀rọ wà, balùwẹ̀ olómi gbígbóná wà. Igbó tí wọ́n sá wá nìyẹn o.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kan ní Atlanta tó ní òun fẹ́ lọ pàgọ́, òun fẹ́ lọ pẹja, kí ara lè sinmi lọ́wọ́ iṣẹ́ òyìnbó. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gba àyè, èèyàn sì lè gbà á ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ẹgbẹ́ wa fi oṣù mẹ́fà náà jà lórí WhatsApp nítorí aṣọ ẹbí. Alága ní àwọ̀ ewé ló dáa, kó lè bá igbó mu. Ìyá Ìbejì ta kò ó, ó ní ta ni yóò rí àwọn nínú fọ́tò tí igi bá wà lẹ́yìn? Ọ̀rọ̀ di ìbò. Nígbà tí wọ́n máa fi rántí àyè, àyè ti tán. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹnì kan tó fagi lé tirẹ̀ ni wọ́n fi rí òpin ọ̀sẹ̀ July 4, ìgbà tí gbogbo Georgia ń rọ́ lọ sétí omi.

Ó ku ẹrù. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e, àmọ́ ìkarahun ìgbín ò ní tẹlifíṣọ̀n. Ti Alága ní. Ó háyà ọkọ̀ ńlá tó ní yàrá, ibi ìdáná àti ilé ìyàgbẹ́ nínú, ó wá kó fáànù, ẹ̀rọ ìlọta àti gbohùngbohùn oníjó kún un. Wọ́n ti ṣe àsun láti ilé, kí èéfín má baà ba aṣọ ẹbí jẹ́. Wọ́n di kúlà mẹ́ta. Ìkẹta, ẹja títúsì ló kún inú rẹ̀, torí Ìyá Ìbejì ò gbára lé ẹja tí kò tíì kú.

Ọ̀pá ìpẹja Alága wọ́n ju ẹ̀rọ ìfọṣọ rẹ̀ lọ. Ó ra bàtà tó gùn dé àyà, ó ra ẹ̀rọ tó ń fi ẹja abẹ́ omi hàn lójú fóònù. Ohun kan ṣoṣo tí kò rà ni ìwé àṣẹ ìpẹja, èyí tí òfin Georgia ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún 16 gbà, tí èèyàn sì lè jókòó sórí àga rà lórí fóònù.

Ẹja tó ń lé, striped bass, ẹja òkun ni. Omi tó ń ṣàn gbọọrọ ni ẹyin rẹ̀ nílò kó tó lè pa, adágún ò sì ní irú rẹ̀, nítorí náà ìjọba ló ń da ọmọ ẹja náà sínú Lanier. Àlejò ni ẹja ọ̀hún, ó sì mọ ìwà àlejò hù: bí ooru bá mú, á rọra wọ ìsàlẹ̀ lọ síbi tí omi ti tutù. Ìdájí ló dáa láti wá a. Ṣùgbọ́n ìdájí wo? Òfin ní kí ibùdó pa rọ́rọ́ láti aago 10 alẹ́ sí aago 6 àárọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀ṣọ́ wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pa gbohùngbohùn. Ọ̀sán gangan ni Alága jí, ó ju ìwọ̀ sínú omi tí ọkọ̀ ojú omi ti dà láàmú, ó ní ẹja Amẹ́ríkà ti gbọ́n jù.

Òwe náà sì ní ojú míì létí omi yìí. Ní 1912, àwọn jàǹdùkú aláwọ̀ funfun lé àwọn èèyàn dúdú tó lé ní ẹgbẹ̀rún kúrò ní Forsyth County, àwọn kan nínú wọn ní Oscarville. Nígbà tí adágún dé, omi bo lára ilẹ̀ náà. Oko àwọn mìíràn wọ omi pẹ̀lú, wọ́n sì hú àwọn òkú kan gbé lọ síbòmíì. Àwọn tí wọ́n lé ní 1912 ni onílé gidi, tó fẹ́ relé tí kò rí i. Etí ilẹ̀ wọn ni Alága dúró sí tó ń bínú pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò lágbára.

Àárò ilé ni iyọ̀ àjò. Ẹni tó gbélé dání, ibo ni àárò fẹ́ gbà wọlé? Ẹni tó bá fẹ́ lọ ní tòótọ́, kó lọ nígbà ìrúwé, nígbà tí ẹja ò tíì sá lọ sísàlẹ̀. Kó gba ìwé àṣẹ, kó mú àgọ́, ìwọ̀, gààrí àti ìṣáná, kó sì jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ẹja ò bá jẹ ìdẹ, ebi á kọ́ ọ ní ìtumọ̀ òwe náà.

Ẹni tí kò bá sì lè fi ilé sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kó jókòó jẹ́jẹ́, kó ṣe àsun rẹ̀ sẹ́yìnkùlé. Títúsì wà nínú fìríìjì, kò sì sí ẹ̀ṣọ́ tí yóò bi í ní ìwé àṣẹ kó tó fà á yọ.