Abala Kẹsàn-án

KÚNLÉ: Ní Riyadh, lọ́jọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Moses Itauma sọ Dillian Whyte mọ́lẹ̀ kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. Ìjà kẹtàlá rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo wọn ló borí, mọ́kànlá nínú wọn ni kò sì dé òpin. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà. Slovakia ni wọ́n ti bí i, ọmọ ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, Chatham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ṣe ilé. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ṣẹ́ ti ń béèrè ohun tí wọ́n ń dúró dè tí wọn ò fi kó òun àti Oleksandr Usyk, ọ̀gá hẹfiwéètì àgbáyé nígbà náà, pọ̀. Ẹ̀gbọ́n Ládìpọ̀, kí ni wọ́n ń dúró dè?

LÁDÌPỌ̀: Abala kẹsàn-án.

KÚNLÉ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á.

LÁDÌPỌ̀: Méjì péré nínú ìjà 13 yẹn ló dé ọwọ́ àwọn adájọ́, alábala mẹ́fà sì ni méjèèjì. Ìjà bẹ́líìtì àgbáyé jẹ́ abala 12, ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta. Títí di alẹ́ ọjọ́ yẹn, ìlàjì iṣẹ́ náà ni ọmọ yìí kò tíì fojú rí. Usyk ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an lòun ń jẹun. Abala kẹsàn-án ló dá Daniel Dubois dúró ní Wrocław ní 2023. Nígbà tó pàdé Tyson Fury ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, abala kẹsàn-án náà ni Fury ń ta gìẹ̀gìẹ̀ káàkiri, tó jẹ́ pé okùn ojú ìjà ló gbà á dúró, tí rẹfirí fi kà fún un. Anthony Joshua gbìyànjú ní Jeddah ní 2022: ó fi ẹ̀ṣẹ́ há Usyk ní ìhà ní abala kẹsàn-án, ariwo ta. Ní abala kẹwàá, Usyk jáde bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó sì gba ìjà náà padà lọ́wọ́ rẹ̀.

KÚNLÉ: Ẹni tó ń lu èèyàn bolẹ̀ ní abala kìíní, kí ló fẹ́ fi kẹsàn-án ṣe? Ìjà 32 ni Deontay Wilder jà tí ọ̀kan nínú wọn kò kọjá abala kẹrin. Nígbà tí Bermane Stiverne wá gbé e dé abala 12 ní oṣù Kìíní ọdún 2015, kò rẹ̀ ẹ́. Òun ló gba bẹ́líìtì àgbáyé WBC.

LÁDÌPỌ̀: Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n 32 kì í ṣe 13, Stiverne kì í sì í ṣe Usyk. Ẹni tó bá ka Wilder, kó ka Michael Grant mọ́ ọn. Ìjà 31, kò pàdánù ọ̀kan, ọkùnrin gìrìwò. Lennox Lewis gbà á lálejò ní New York ní oṣù Kẹrin ọdún 2000, ó sì parí rẹ̀ ní abala kejì. Ìjà tó tètè parí kì í sọ nǹkan kan nípa ẹni tó borí ju pé ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ dun ẹnì kan. Whyte tí gbogbo ayé ń sọ yìí, ọmọ ọdún 37 ni lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Joshua, Povetkin àti Fury ti lù ú bolẹ̀ ṣáájú.

KÚNLÉ: Kí gan-an wá ni wọ́n ń pè ní ìdánwò?

LÁDÌPỌ̀: Ọmọ Ṣàgámù wa ni kí o wò. Kí Joshua tó pàdé Wladimir Klitschko ní Wembley lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2017, ìjà 18 ló ti jà, kò sí èyí tó dé ọ̀dọ̀ adájọ́, abala keje ló sì pẹ́ jù. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 90 èèyàn ló wà níbẹ̀. Ní abala karùn-ún, ó gbé Klitschko ṣubú, ó wá da gbogbo ẹ̀ṣẹ́ tó ní lé e lórí kó lè parí rẹ̀. Klitschko kò parí. Ọwọ́ Joshua ló wúwo, èémí rẹ̀ gé, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ní abala kẹfà, òun náà rí ilẹ̀. Ohun tí ìjà 18 kò bi í rí nìyẹn: kí lo máa ṣe tí o bá ti ná gbogbo owó ọwọ́ rẹ tán, tí oníbàárà sì dúró síbẹ̀? Joshua fi abala mẹ́ta mẹ́rin rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó kó èémí jọ, ó sì dá Klitschko dúró ní abala kọkànlá. Ìdánwò nìyẹn. Bẹ́líìtì àgbáyé IBF sì ti wà nídìí rẹ̀ kó tó ṣe é o.

KÚNLÉ: Usyk fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìjà kẹwàá rẹ̀ ló fi gba bẹ́líìtì àgbáyé lọ́wọ́ Krzysztof Głowacki ní Gdańsk, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ní ìpele tó kéré sí hẹfiwéètì. Mẹ́sàn-án tó jà ṣáájú kò tó 13, ẹ̀gbọ́n.

LÁDÌPỌ̀: O gbá mi mú díẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ Usyk ti ja ìjà tó ju 300 lọ kó tó máa gbowó ìjà. Ó gba góòlù àgbáyé ní 2011, ó gba ti Òlíńpíìkì ní London ní 2012, Òlíńpíìkì kejì rẹ̀ sì nìyẹn. Ọmọ ọdún 29 ni ní Gdańsk, abala 12 ló sì jà. Itauma gba góòlù àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ní 2022, ó sì bọ́ sínú ìjà owó ní oṣù Kìíní tó tẹ̀lé e. Kò dé Òlíńpíìkì rárá.

KÚNLÉ: Leon Spinks dé Òlíńpíìkì, ìjà méje péré ló sì jà kó tó gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Muhammad Ali.

LÁDÌPỌ̀: Pete Rademacher náà dé Òlíńpíìkì. Góòlù hẹfiwéètì ti 1956 ni. Ìjà owó rẹ̀ àkọ́kọ́ pàá ni wọ́n fi ṣe ìjà bẹ́líìtì pẹ̀lú Floyd Patterson ní Seattle ní 1957. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló kó owó jọ tí wọ́n fi rọ Patterson. Rademacher gbé e ṣubú ní abala kejì! Lẹ́yìn náà ni Patterson wá ń gbé òun ṣubú léraléra títí ìjà fi parí ní abala kẹfà. Ní ti Spinks, Ali ti di ẹni ọdún 36 ní oṣù Kejì ọdún 1978, kò sì múra sílẹ̀ dáadáa. Oṣù méje lẹ́yìn náà, ó gba bẹ́líìtì rẹ̀ padà ní New Orleans.

KÚNLÉ: Usyk ti pé ẹni ọdún 38 ní 2025.

LÁDÌPỌ̀: Ìyẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ tó dúró lẹ́sẹ̀ nínú gbogbo ohun tí o kó wá. Ọjọ́ ogbó ń bọ̀ fún gbogbo abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje ọdún 2025, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré kí Itauma tó lu Whyte, àgbà ọdún 38 yẹn lu Dubois bolẹ̀ ní abala karùn-ún ní Wembley. Ta ló rí àmì ogbó níbẹ̀? Ọlọ́wọ́ òsì sì ni Itauma àti Usyk, ìyẹn ni pé ohun tó ń da àwọn yòókù láàmú lára Itauma kò ní da Usyk láàmú tó bẹ́ẹ̀.

KÚNLÉ: Ẹ dájọ́.

LÁDÌPỌ̀: Itauma kò tíì tó o. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ojú rẹ̀ ríran, kò sì sí ẹni tó jẹ́ sọ pé kò ní ẹ̀bùn. Kí wọ́n wá géńdé kan tí àgbọ̀n rẹ̀ le, tí kò tíì gbó, tó lè gba ẹ̀ṣẹ́ kó sì tún máa bọ̀, kó gbé e dé abala kẹjọ, kẹsàn-án. Bó bá kọjá ibẹ̀, kí wọ́n pe Usyk.

KÚNLÉ: Tó bá tún lu ẹni yẹn náà bolẹ̀ ní abala kìíní ńkọ́?

LÁDÌPỌ̀: Kí wọ́n wá ẹlòmíì.