Ẹkùn Tó Bọ́ Awọ Sílẹ̀ ní Race Course

Nínú àlọ́ tiwa, ẹfọ̀n ló máa ń bọ́ awọ, á di arẹwà obìnrin, á gba ọjà lọ. Ọdẹ á jí awọ náà gbé pamọ́ sínú àká, ó di ìyàwó nìyẹn. Àwọn Amẹ́ríkà gbé tiwọn jáde lọ́dún 1942, nínú fíìmù Cat People: ẹ̀rù ń ba obìnrin kan pé bí ìfẹ́ bá ru lára òun, òun á di àmọ̀tẹ́kùn dúdú.

Mo rò ó wò ní Race Course, ní Kumasi, níbi tí wọ́n kó àwọn ọlọ́jà lọ nígbà tí wọ́n ń tún ọjà Kejetia kọ́. Ká ní Osebo, bí àwọn Àṣáńtì ṣe ń pe ẹkùn, bọ́ awọ síbẹ̀ kó lè lọ ra tòmátì. Kó tó padà dé, wọ́n á ti fi awọ náà kọ́ sáàárín òkìríkà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búláòsì aláwọ̀ ẹkùn mẹ́ta.

"Ìyá, awọ mi nìyẹn o."

"Awọ yín kẹ̀? Ọ̀ọ́dúnrún sídì ni, bọ̀dá. Ẹ fọwọ́ kàn án, ojúlówó ni."

Á fẹ́ bú ramúramù, ohùn èèyàn ni yóò jáde. Á wá ṣe bíi tiwa: á ná an, á kẹ̀yìn sí i, á máa retí kí wọ́n pe òun padà. Ẹ rántí pé ẹkùn yìí kan náà ni Ananse, aláǹtakùn inú àlọ́ wọn, fi kòtò lásán mú, tó fi ra ìtàn lọ́wọ́ Nyame, ọlọ́run ojú ọ̀run.

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan níbẹ̀ tó ń ná awọ, tó sì ń fi ahọ́n lá ọwọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ogún sídì kún owó rẹ̀.