Wàrà Inú Kìnnìún Tí Kò Bímọ

Onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún. Àwọn baba wa ló pa òwe náà, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ bá wọn jiyàn. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tó yẹ ká ti bi wọ́n kí wọ́n tó wọlẹ̀ lọ: kìnnìún wo? Wàrà kì í ṣàdédé wà lọ́mú ẹranko. Akọ kìnnìún ò ní in. Abo tí ò bímọ ò ní in. Èyí tó ti já ọmú lẹ́nu ọmọ rẹ̀ náà ò ní in mọ́. Ẹni tó bá gbé igbá, tó lọ lóṣòó sídìí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ má pè é ní onísùúrù. Oúnjẹ kìnnìún ni orúkọ rẹ̀.

Lóde òní, àwọn tí a ń fi òwe yìí tù nínú jù ni àwọn ọ̀dọ́ tó ti lọ ṣe íntáfíù níbi iṣẹ́, tí wọ́n sọ fún pé "A ó pè yín," tí wọ́n sì ń retí ìpè náà títí di bí mo ṣe ń wí yìí.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń lọ. Ọ̀kan nínú wọn jí ní ago mẹ́ta òru n'Íbàdàn, ó wọ bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó so táì bàbá rẹ̀ mọ́rùn, ó wọkọ̀ ní Ìwó Road, ó bọ́ọ́lẹ̀ ní Bẹ́gà, ó tún wọ òmíràn lọ sí Victoria Island. Wọ́n ní kó dé ní ago mẹ́jọ. Wọ́n pè é wọlé ní ago méjì ọ̀sán. Àwọn mẹ́ta tó jókòó níwájú rẹ̀ bi í pé níbo ló rò pé òun máa wà ní ọdún márùn-ún sí i. Ó dáhùn geere, ó ti há a sórí láti ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó wá kan òun náà láti béèrè pé ìgbà wo lòun máa gbọ́ èsì, àwọn tó ń wádìí ọdún márùn-ún lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ ò lè sọ ti Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. "Ẹ máa lọ ná. A ó pè yín." Kò sí ọjọ́, kò sí nọ́ńbà, kò sí orúkọ ẹni tó máa pè. Télọ̀ pàápàá, tí gbogbo wa mọ̀ pé irọ́ ló ń pa, ó máa ń dá ọjọ́ sí irọ́ tirẹ̀: "Ẹ wá ní Sátidé."

Ìdúró ò sí, ìbẹ̀rẹ̀ ò sí fún ẹni tó gbé odó mì. Bí ayé ẹni tí wọ́n láwọn máa pè ṣe rí nìyẹn. Àbúrò rẹ̀ ò gbọdọ̀ fi fóònù rẹ̀ ṣeré mọ́. Ó ń gbé e wọ balùwẹ̀, ó ń gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí. Bí NEPA bá mú iná lọ, á sáré lọ sanwó fún ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ ládùúgbò kí wọ́n bá a ṣáàjì rẹ̀. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ bá pè, á wúkọ́, á tún ohùn ṣe, á gbé òyìnbó tó dáa jù lọ́wọ́ rẹ̀ jáde, àṣé ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ló fẹ́ kó ra orin tí àwọn tó bá ń pè é á máa gbọ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ á yọjú: "Ṣé wọn ò tíì pè?" Lálaalẹ́ ló ń béèrè, bí ẹni pé wọ́n lè ti pè kí ọmọ sì fi pamọ́ fún un. Bàbá á ní kó fọkàn balẹ̀, ọmọ ọ̀rẹ́ òun kan wà tó jẹ́ pé oṣù kẹjọ ni wọ́n tó pè é. Irú ẹ̀rí báyìí ló ń pa wá. Ẹnìkan ṣoṣo tí wọ́n rántí pè lóṣù kẹjọ á di ẹlẹ́rìí fún gbogbo àwọn tí wọn ò pè rí, bẹ́ẹ̀ àwọn tí wọn ò pè rí kì í jáde wá jẹ́rìí.

Tó bá tún ṣe díẹ̀, ọ̀rọ̀ á kúrò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, á bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹni ẹ̀mí. Wòlíì á ní kó gbé fóònù wá kí òun ta òróró sí i. (Fóònù tí òróró bá wọ inú rẹ̀, ta ló fẹ́ rí i pè?) Ààfáà á kọ hàǹtú sí wàláà, á fọ̀ ọ́ fún un mu. Kò sẹ́ni tó máa rò ó pé akọ̀wé tó yẹ kó pe ọmọ yìí lè ti gba ìsinmi ọdún lọ síbi ìnáwó n'Ílọrin.

LinkedIn ni ọmọ náà ti sábà máa ń rí èsì níkẹyìn. Ẹnìkan á gbé fọ́tò síbẹ̀ pé inú òun dùn láti kéde pé òun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun. Ilé iṣẹ́ kan náà, ipò kan náà. Ọmọ wa á kí i kú oríire. Lálẹ́ ọjọ́ náà, á tún gbé fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí, bóyá èèyàn méjì ni wọ́n fẹ́ gbà.

Kí ló dé gan-an tí wọn kì í pè? Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tí wọn ò tíì rí owó oṣù tí wọ́n máa san. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣe íntáfíù, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó lọ bi ọ̀gá pátápátá bóyá owó wà. Àwọn kan kàn fẹ́ kó orúkọ jọ sílẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ti mú ẹnìkan, àmọ́ wọ́n fẹ́ kí ẹnìkejì ṣì wà ní tòsí títí ẹni àkọ́kọ́ á fi wọṣẹ́. Ti àwọn yẹn ní àlàyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlàyé ọ̀sẹ̀ méjì ni, kì í ṣe ti oṣù mẹ́fà. Èyí tó burú jù ni iṣẹ́ tó ti ní ẹni tó ni ín kí ìwé ìròyìn tó gbé e. Ìwé pélébé kan ti ọ̀dọ̀ ẹni ńlá wá, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ìlànà ní kí wọ́n polówó, kí wọ́n sì fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò, kó má bàa dà bí ojúsàájú. Àwọn ọmọ á wá wọkọ̀ láti Ìbàdàn, láti Adó-Èkìtì, láti Àkúrẹ́, wọ́n á wá jókòó kí fáìlì lè pé. Kìnnìún tí ò bímọ rèé, òun ló tún ń ké sí àwọn èèyàn pé kí wọ́n gbé igbá wá.

Ìjọba àpapọ̀ fi irú rẹ̀ hàn wá ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, ọdún 2014. Àjọ Immigration ló ń gba òṣìṣẹ́. Àyè iṣẹ́ tó wà ò tó 5,000, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní 500,000. Ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn san ₦1,000, ìyẹn ni pé ẹni tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ ló ń dáwó fún àwọn tó ní. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Wọ́n kó wọn jọ sí pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè, ẹnu ọ̀nà ò gba èrò, èèyàn ń tẹ èèyàn mọ́lẹ̀. Ní Àbújá, Port Harcourt, Minna àti Benin, ó kéré tán èèyàn 15 ló kú, aboyún wà nínú wọn. Abba Moro tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà bọ́ síta, ó ní àìnísùúrù àwọn tó ń wáṣẹ́ ló ṣe ikú pa wọ́n.

Àìnísùúrù o! Ẹni tó ti ń wáṣẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, tó sanwó, tó wọ ṣòkòtò péńpé funfun tí wọ́n ní kó wọ̀, tó tò sínú oòrùn láti ìdájí, òun ni wọ́n fi òwe kìnnìún nà lẹ́yìn tó ti kú. Wọ́n fagi lé gbogbo ètò náà. Lọ́dún 2019, Moro wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà láti Benue. Òun rí wàrà.

Ọjọ́ orí pàápàá kì í dúró de wàrà. Ọmọ tó wọ yunifásítì ìjọba ní 2019 jókòó sílé fún oṣù mẹ́sàn-án ní 2020 nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀, ó tún jókòó láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ní 2022. Kó tó parí, kó tó sin ilẹ̀ baba rẹ̀ fún ọdún kan ní NYSC, kó tó débi tí àwọn mẹ́ta yẹn ti ní kó máa lọ ná, ìpolówó iṣẹ́ tó kà ti ní àwọn ò gba ẹni tó bá ju ọdún 26 lọ. Oṣù mẹ́jọ tí bàbá ní kó fi dúró lè jẹ́ èyí tó ṣẹ́kù fún un gan-an. Ilé iṣẹ́ tó sọ pé kó ní sùúrù lónìí ni yóò sọ lọ́dún tó ń bọ̀ pé ó ti dàgbà jù.

Ó yẹ ká yin àwọn kan ṣá o, torí pé wọn kì í jẹ́ kéèyàn retí pẹ́. Àwọn oníjìbìtì ni. Ìwé tí ẹ ò kọ, iṣẹ́ tí ẹ ò béèrè, wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí ẹ wá fún íntáfíù lọ́la ní ago mẹ́sàn-án, ní òkè kejì ilé báyìí báyìí n'Íkẹjà, kí ẹ béèrè Ìyáàfin Lágbájá. Ẹ dé ọ̀hún, ẹ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ yín tó so táì lọ súà. Ọkùnrin kan á gba gbohùngbohùn, á máa kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa ta àgbo inú ike, tí ẹ ó sì kó èèyàn mẹ́ta mẹ́ta wá sábẹ́ ara yín. Owó fọ́ọ̀mù á tẹ̀lé e. Olè ni wọ́n, mi ò ní gbè wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n fèsì! Wọ́n dá ọjọ́, wọ́n dá ago, wọ́n dárúkọ ẹni tí ẹ máa béèrè. Ilé iṣẹ́ gidi tí oníjìbìtì bá mọ ìwà hù jù, kí la fẹ́ pè é?

Àwọn ibì kan ti gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú òfin. Ní Ontario, ní Kánádà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá gbé àpótí lọ, láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2026, ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tí wọ́n bá ṣe íntáfíù fún, láàárín ọjọ́ 45, bóyá wọ́n ti mú èèyàn tàbí wọn ò tíì mú. Ìpolówó tí wọ́n bá gbé síta náà gbọ́dọ̀ sọ bóyá àyè iṣẹ́ wà nílẹ̀ lóòótọ́. Wọn ò sì gbọdọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ mọ́ pé àfi ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ rí ní Kánádà, ọ̀rọ̀ tó ti dá ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa padà lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò sọ pé ọ̀hún ti di ọ̀run. Ọjọ́ 45 kì í ṣe kékeré fún ẹni tó ń san owó ilé ní Toronto. Àmọ́ ẹ wò ó, àwọn tí ò gbọ́ òwe wa rí ti ní kí kìnnìún kọ́kọ́ sọ bóyá òun bímọ. Òfin iṣẹ́ tiwa ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní àdéhùn iṣẹ́ lákọsílẹ̀ kó tó pé oṣù mẹ́ta tó wọṣẹ́. Ti ẹni tó ń retí ìpè, kò dá sí i.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ọjọ́ tí kìnnìún bá wá rántí. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún tí wọn ò gbin, fóònù á dún ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀: "Ṣé ẹ lè wọṣẹ́ ní Mọ́ńdè?" Kí ọmọ náà ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan kí òun fi wá ibi tí òun máa sùn l'Ékòó, ohùn á yí padà: àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ò mọyì iṣẹ́. Àwọn tó jẹ sùúrù ọmọ ọlọ́mọ fún oṣù márùn-ún ò ní ti ọjọ́ márùn-ún nílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbani síṣẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ò tó ₦10. "A ti mú ẹlòmíràn, ẹ ṣé tí ẹ wá." Ẹ fi ránṣẹ́ kí ọmọ náà lè sùn. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń lọ fún íntáfíù lọ́la, kí ẹ tó dìde lórí àga, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ọjọ́ tí ẹ máa gbọ́ èsì àti orúkọ ẹni tí ẹ lè pè. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, ẹ pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Bí wọn ò bá gbé e, ẹ kọ ìwé síbòmíràn lọ́jọ́ yẹn gan-an.