Ajá Tó Bímọ Lólówó, Èyí Tó Buni Jẹ Ò Ní

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí à ń pariwo. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí mò ń wí mọ ara rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ náà mọ̀.

Ní Ìkìrun, ní àdúgbò kan tí mi ò ní tọ́ka sí, bàbá kan wà níbẹ̀ tó ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, géètì onírin, àti abo ajá dúdú kan tó ga dé itan èèyàn. Bàbá yìí àti aládùúgbò rẹ̀ jọ fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Nígbà tó wá ra ajá, ó sọ ọ́ ní Ojúátìwọ́n. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Yorùbá kì í ṣàdédé sọ ajá lórúkọ; òwe la fi ń pè é, kí ẹni tí à ń bá wí lè máa gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri. Láràárọ̀ ni bàbá á dúró lẹ́nu géètì: "Ojúátìwọ́n! Ojúátìwọ́n! Máa bọ̀ wá jẹun o!" Aládùúgbò á máa run pákò rẹ̀, kò ní fèsì.

Ẹ wo géètì onírin yẹn dáadáa. Èèyàn ni wọ́n ń tì í mọ́. Àlejò á kanlẹ̀kùn títí ọwọ́ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, Ojúátìwọ́n ti wà ní títì. Òun ló ń sin àwọn tó ń lọ kírun àsúbáà, òun náà ló ń sin àwọn ọmọ lọ sílé-ìwé. Nígbà tó bímọ mẹ́fà, bàbá gbé páálí síta, ó ń tà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ajá mi ló bí wọn! Ẹ wo ìyá wọn, ẹ wo bó ṣe ń dán." Owó wọlé. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé bàbá lajá.

Ó wá di ọjọ́ kan, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan gbé ẹ̀kọ kọjá. Ojúátìwọ́n fò mọ́ ọn, ó bù ú jẹ ní iṣan ẹsẹ̀, ẹ̀kọ fọ́n kálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ bò ó. Gbogbo wa sáré jáde. Ìyá ọmọ ń ké lẹ́nu géètì. Bàbá yọjú, ó wo ọmọ, ó wo ẹ̀jẹ̀, ó ní, "Ajá wo? Èmi ò lájá o. Ajá ìgboro nìyẹn."

Háà! Ẹnu yà wá. Ibi tí a ti ń wo ara wa lójú, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò tí ì gbọ́n dé ibi irọ́, yọ orí lábẹ́ apá bàbá àgbà, ó ké tantan: "Ojúátìwọ́n!" Ajá tó ti sá lọ sódìkejì títì gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó sáré padà, ó ń ju ìrù, ó lá bàbá lẹ́sẹ̀, ó sì nà gbalaja síbẹ̀. Aládùúgbò tó ti ń gbọ́ orúkọ yìí láti ọjọ́ pípẹ́ kò sọ nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó lọ gbé ọ̀kadà rẹ̀ jáde.

Kí ẹ má wá rò pé Ìkìrun nìkan ni. Ẹ jẹ́ ká dé Ìnísà. Wọ́n sá èlùbọ́ sẹ́bàá títì, ó funfun báláú. Ojú mi báyìí ni ajá kan ṣe rìn gba orí rẹ̀ lọ, ó rìn bọ̀, ó wá dúró láàárín, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ẹ má jẹ́ kí n parí ẹ̀. Ìyá tó ni ajá jókòó sí ìsọ̀ tó kọjú síbẹ̀, ó ń bó ẹ̀pà jẹ. Nígbà tí ẹlẹ́lùbọ́ figbe ta, ìyá yìí ní, "Ṣebí oòrùn á gbẹ ẹ́." Oòrùn á gbẹ ẹ́! Láti ọjọ́ náà, iyán ni mò ń jẹ lóde àríyá.

Òkukù ńkọ́? Ọgbà Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan wà níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń gbé káàkiri ìlú. Àwọn kan nínú wọn á ra ọmọ ajá, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á gbé e sáyà ya fọ́tò. Bí wọ́n bá parí ìdánwò, wọ́n á kó bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á kó fáànù, wọ́n á gbàgbé ajá. Àsẹ̀yìnwá àsẹ̀yìnbọ̀, ajá ti di ti gbogbo ayé, ààtàn ló ń jẹ, ẹnu ọ̀nà onílé ló ń yàgbẹ́ sí.

Mo lè fojú fo ìgbẹ́. Ohun tí mi ò lè fojú fò ni dìgbòlugi. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n kí oníṣègùn òyìnbó tó dé, orúkọ náà fúnra rẹ̀ jọ ẹni tó ń forí gbá igi kiri. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 59 èèyàn ló ń pa lọ́dọọdún, pé nínú 100 tó bá kó o, 99 ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n. Ọmọdé tí kò tó ọdún 15 sì pọ̀ gan-an nínú ẹkún yìí: nínú èèyàn 100 tí ẹranko tí a fura sí bá bù jẹ, ogójì ni wọ́n. Ó lè fara pamọ́ fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Bó bá ti jáde, tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í ba ẹni náà lẹ́rù, ó ti bọ́, kò sí oògùn rẹ̀ mọ́.

Abẹ́rẹ́ kan lọ́dún ni ajá ń gbà. Ilẹ̀ yìí náà la ti ń ṣe é, ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹran ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau. Bí ajá 70 nínú 100 bá gbà á, àrùn náà ò ní rọ́nà tàn. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa wọ̀nyí, wọ́n á ní, "Èèyàn ò tí ì gbabẹ́rẹ́ tán, ẹ ń pe ajá." Ẹni tó ra sẹ́ènì góòlù sọ́rùn ara rẹ̀ ò lè ra okùn sọ́rùn ajá!

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní láti ọdún 1992, ajá ò gbọdọ̀ jáde sí gbangba níbẹ̀ láìní orúkọ àti àdírẹ́sì olówó rẹ̀ lọ́rùn. Àwọn ọmọ wa tó ń fi ọ̀rá ṣa ìgbẹ́ ajá níbẹ̀, tí wọ́n ń kí ajá ní "good boy", bí wọ́n bá wálé lọ́dún, àwọn náà á ṣí géètì sílẹ̀. Èmi ò mọ ibi tí ìwà ti ń bọ́ lọ́wọ́ wọn, bóyá nínú ọkọ̀ òfúrufú ni.

Nílé níbí náà, òfin wà. Àfikún kẹrin Ìwé Òfin ọdún 1999 fi ìrìn àti ìtọ́jú àwọn ẹran ọ̀sìn inú ilé sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ifẹ́lódùn ló ni ti Ìkìrun, Odò-Ọ̀tìn ló ni ti Ìnísà àti Òkukù. Wọ́n sì ti mú èèyàn torí ajá rí! Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, wọ́n mú ọkùnrin kan ní Ṣàngó Ọ̀tà torí pé ó sọ ajá rẹ̀ ní Buhari. Orúkọ lásán, wọ́n ti mú un. Èyí tó ń fi eyín ṣe tirẹ̀ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ ẹlẹ́kọ. Ìyá àgbà kan ti ń wá irun ajá tí wọ́n á jó mọ́ epo pupa. Aládùúgbò wa kọ̀ jálẹ̀. Ó fi ọṣẹ àti omi wẹ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, ó gbé ọmọ sẹ́yìn ọ̀kadà, ó di ọsibítù. Owó àpò rẹ̀ ló fi san abẹ́rẹ́: ti ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọjọ́ méje, lẹ́yìn ọjọ́ 14. Àwọn ará ọsibítù ní kí bàbá so ajá mọ́lẹ̀, kí ó ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ mọ èsì tí bàbá fọ̀? Ó ní òun ò lè máa so ajá tí kì í ṣe tòun. Àwọn géńdé àdúgbò ló so ó.

Ọmọ ti dáa, ó ti ń kiri ẹ̀kọ rẹ̀ padà. Bàbá náà ti yí orúkọ ajá padà, ó pè é ní Blackie. Ajá ò dáhùn. Ó pè é títí, ajá ń wo títì. Ní báyìí, bí ilẹ̀ bá ṣú, bàbá á yọrí lẹ́nu géètì, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á wá rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ àṣírí: "Ojúátìwọ́n… Ojúátìwọ́n…"

Lẹ́yìn ògiri, aládùúgbò ń run pákò rẹ̀.