Òkúta Kọ̀ọ̀kan Ló Ní Àyè Tirẹ̀



BỌ̀DÁ LÁYÍ: Àdùkẹ́, wọ́n ní ààfin olódi lo lọ wò ní Jàpáàn.

ÀDÙKẸ́: Ti Kumamoto ni, ní erékùṣù Kyushu. Kato Kiyomasa, jagunjagun tó ni ìlú nígbà náà, ló kọ́ ọ parí ní 1607. Ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ máa ṣí fìlà fún ògiri òkúta yẹn! Láti ìsàlẹ̀, ó rọra tẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni pé èèyàn lè sáré gùn ún. Bó bá ku díẹ̀ kéèyàn dókè, ó nà ró gangan. Ọ̀tá ò ríbi dì mú mọ́.

BỌ̀DÁ LÁYÍ: Sìmẹ́ńtì ńkọ́?

ÀDÙKẸ́: Kò sí rárá. Òkúta lórí òkúta ni. Wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn rẹ̀ kómi òjò lè ráyè jáde.

BỌ̀DÁ LÁYÍ: Wọ́n mọṣẹ́. Omi tí ò ríbi gbà ló ń wó ògiri. Mo gbọ́ pé apá kan rẹ̀ wó. Kí ló wá bà á jẹ́?

ÀDÙKẸ́: Ilẹ̀ ríri. Ní oṣù kẹrin 2016, ilẹ̀ mì tìtì lọ́jọ́ 14, ó tún mì lọ́jọ́ 16. Ògiri abẹ́ ilé ìṣọ́ Iidamaru ya lulẹ̀, ó wá ku ìtò òkúta igun kan ṣoṣo tó gbé e dúró. Mo rí fọ́tò rẹ̀, àyà mi já.

BỌ̀DÁ LÁYÍ: Wọn ò wá kó búlọ́ọ̀kù dé?

ÀDÙKẸ́: Rárá o! Wọ́n kọ nọ́ńbà sára àwọn òkúta tó já bọ́, wọ́n tò wọ́n sílẹ̀ gbọọrọ. Fọ́tò àtijọ́ ni wọ́n fi ń wá ojú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, kí wọ́n lè dá a padà síbẹ̀ gan-an. Ó pẹ́ tí mo fi dúró ti ọ̀kan. Ewéko tútù ti ń hù létí rẹ̀, àmọ́ nọ́ńbà náà ṣì hàn ketekete.

BỌ̀DÁ LÁYÍ: Ilé gíga tó wà láàárín ààfin náà ńkọ́?

ÀDÙKẸ́: Ìyẹn ti jóná ní 1877, kí ogun Saigo Takamori, olórí àwọn tó ṣọ̀tẹ̀ sí ìjọba, tó dó tì í. Kọnkéré ni wọ́n fi tún un kọ́ ní 1960. Wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn ilẹ̀ ríri, àlejò sì ti ń wọ̀ ọ́ láti 2021. Ó dáa, ṣùgbọ́n ògiri ló gba ọkàn mi. Afárá kan wà fún àlejò, èèyàn á máa wo ibi tó wó láti òkè. Wọn ò fi í pamọ́.

BỌ̀DÁ LÁYÍ: Ìgbà wo niṣẹ́ ọ̀hún máa parí?

ÀDÙKẸ́: 2037 ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Ní báyìí, ó di 2052.

BỌ̀DÁ LÁYÍ: Háà! Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ lónìí, orí á ti máa funfun. Àdùkẹ́, bí o bá tún lọ, jọ̀ọ́, bá mi wò ó bóyá òkúta tìrẹ yẹn ti padà sórí ògiri.