Wọ́n Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀, Wọ́n Ń Tún VLC Tò

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Òwe yìí dùn-ún pa mọ́ ìjọba. Bí wọ́n bá kun ògiri ọsibítù tí kò ní oògùn, òun la máa ń kọ́kọ́ rántí. Ṣùgbọ́n bí a bá padà délé, tí a tan kọ̀ǹpútà, tí fíìmù tí a fẹ́ wò wá ṣú lójú, tí ohùn rẹ̀ sì ń hó, ńṣe la ó gbàgbé pé òwe náà lè bá àwa náà wí. Ní Ayégbajú-Èkìtì, ní Ọyẹ́, ní Ìkọ̀lé títí dé Ìdó, kò sí ilé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n tirẹ̀ nínú VLC, áàpù tí a fi ń wo fídíò lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kì í béèrè ibi tí fáìlì ti wá, kì í béèrè ẹni tó gbà á sílẹ̀. Inú Preferences ló máa ń wọ̀ tààrà. Yóò yẹra fún "Simple", torí pé ti àwọn òpè nìyẹn. Yóò tẹ "All", àìmọye ètò tí kò mọ orúkọ bàbá wọn yóò sì tú jáde. Yóò fi kún àwọ̀, yóò pọ́n àwòrán mú, yóò gbé gbogbo ọ̀pá equalizer dókè, yóò ti ohùn dé 125. Lẹ́yìn náà ni yóò fẹ̀yìn tì, yóò ní, "Ṣé ẹ rí i báyìí?" Ohun tí a rí kò ju àwòrán burúkú àná lọ, tí wọ́n wá pa láró.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún VLC ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní 1996, ọdún kan náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ École Centrale Paris ní ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó bí i, nítorí wọ́n fẹ́ máa wo fídíò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ní oṣù Kejì ọdún 2001, wọ́n fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé lábẹ́ ìwé àṣẹ GPL: ẹni tó bá wù lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì tún un ṣe. Kí ó tó gbayé kan, Windows Media Player a máa kọ fáìlì sílẹ̀, onífíìmù a sì máa wá K-Lite Codec Pack kiri kí àwòrán tó lè yọ. Láti ìgbà yẹn ni ìbẹ̀rù ti wọ̀ wá lára pé fídíò kì í dára láìjẹ́ pé ènìyàn jìyà díẹ̀ lé e lórí. Ṣùgbọ́n codec, ìyẹn ohun tó ń tú fídíò, ti wà nínú VLC tẹ́lẹ̀. Láti VLC 3.0 tó jáde ní oṣù Kejì ọdún 2018 sì ni ó ti ń lo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tí a dìídì ṣe fún títú fídíò, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Àwọn tó ṣe é ti ṣe wàhálà yìí sílẹ̀ dè wá. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ wò ó sàn, kó kọ́kọ́ sọ àìsàn tó ń ṣe é.

Àwòrán ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá tí a ṣì ń wò lónìí, orí VCD ni fáìlì wọn ti wá. Ìlànà VCD, tó jáde ní 1993, fún àwòrán ní píksẹ́lì 352 ní ìbú àti 288 ní òró. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 101,376. Ojú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Full HD ní 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní òró. Àpapọ̀ tirẹ̀ jẹ́ 2,073,600. Ìyẹn ni pé nínú ogún píksẹ́lì tí ojú wa ń rí, bí ọ̀kan péré ni fáìlì náà mú wá. Kọ̀ǹpútà ló fi àbá dá mọ́kàndínlógún tó kù, àbá sì ni ikán ń dá, ikán kò lè mu òkúta. Bí a bá ní kí VLC pọ́n àwòrán náà mú, etí àwọn nǹkan ni yóò nípọn sí i. Ìlà ilà ojú òṣèré, tí kámẹ́rà rí, tí wọ́n wá gé dànù nígbà tí wọ́n ń fún fíìmù náà wọ inú àwo, kò ní padà wá torí pé ẹnìkan fa ọ̀pá kan sọ́tùn-ún. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń tan deinterlace, ètò tó ń so àwòrán tí wọ́n pín ìlà rẹ̀ sí méjì (interlace) pọ̀, fún fáìlì VCD, bẹ́ẹ̀ MPEG-1 tí VCD ń lò kò mọ interlace rárá. Àgbo àìsàn tí kò ṣe aláìsàn ni wọ́n ń sè fún un.

Ti ohùn tún le ju ti àwòrán lọ. Gíga tí ìró lè ga ní òpin: nínú ìró oní-16 bit, irú èyí tí CD ń lò, nọ́ńbà tó ga jù lọ kò kọjá 32,767. Bí a bá ti ohùn VLC kọjá 100, nọ́ńbà tó wà nílẹ̀ ni ó kàn ń sọ di púpọ̀. Èyí tó bá fẹ́ kọjá òpin, wọn a gé e lórí, gígé yẹn sì ni híhó tí etí wa ń gbọ́. Equalizer VLC ní ọ̀pá mẹ́wàá, láti 60 Hz dé 16 kHz. Ẹni tó gbé ọ̀pá 60 Hz dókè kí ìlù lè rinlẹ̀, sípíkà láptọ́ọ̀pù tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé ló ń bẹ̀. Sípíkà yẹn kò lè gbé ìró tó lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ jáde, bí a bá tilẹ̀ fi ẹbọ kún ẹ̀bẹ̀. Fídíò ìsìnkú ni ẹ̀rí tó sún mọ́ wa jù. Ní Èkìtì, òkú àgbà kì í wọlẹ̀ láìsí oní-kámẹ́rà. Bí oní-kámẹ́rà bá wá lọ dúró ti sípíkà ńlá, tó jẹ́ máìkì inú kámẹ́rà nìkan ló fi gba ohùn, oríkì ìdílé, ariwo àlejò àti ti jẹnẹrétọ̀ yóò jọ wọ inú ìlà ohùn kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ bá fẹ́ gbọ́ oríkì bàbá wọn, wọn yóò ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n VLC. Bó bá ti ń gbé oríkì sókè ni jẹnẹrétọ̀ ń bá a gòkè. Máìkì kékeré kan tí wọ́n bá há mọ́ ọrùn aṣọ ẹni tó ń kì í ni ìbá ti parí ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ ìsìnkú.

Àwọn kan gbà pé fáìlì ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì ni wọ́n gbà ṣìnà. Wọ́n á kó odindi dátà ọ̀sẹ̀ kan lé fíìmù 4K lórí, wọ́n á sì gbé e sórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí ojú rẹ̀ kò ju 1,366 ní ìbú àti 768 ní òró lọ. Píksẹ́lì 4K tó mílíọ̀nù 8.3, ti ojú láptọ́ọ̀pù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju mílíọ̀nù kan lọ. Nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́jọ ohun tí wọ́n fi dátà rà ni kọ̀ǹpútà yóò dà nù kí àwòrán tó yọ. Bí fáìlì náà bá tún jẹ́ HEVC, irú ìfúnpọ̀ fídíò tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 2013, tí Intel inú láptọ́ọ̀pù sì jẹ́ ìran kẹta tó ti wà ṣáájú rẹ̀, kò sí ẹ̀yà tí a ṣe fún títú u níbẹ̀. CPU nìkan ni yóò ru gbogbo ẹrù náà: àwòrán a máa ta gẹ́gẹ́, fáànù a máa ké, bátìrì a sì kú kí ọ̀tá tó kú nínú fíìmù. Níbi tí iná kì í ti í dúró, ẹ̀mí bátìrì ni ẹ̀mí fíìmù. Fáìlì H.264 oní-720p tí wọ́n ṣe dáadáa ìbá ti tó, owó dátà ìbá sì kù.

Ẹnìkan lè wá bi wá pé, "Ṣé ẹ ń sọ pé kí ènìyàn má fọwọ́ kan ètò kankan ni?" Rárá o. Òwe náà kò ní kí a má pa làpálàpá. Ohun tó kọ̀ ni kí a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Bí wọ́n bá na fíìmù àtijọ́ oní-4:3 kún ojú kọ̀ǹpútà oní-16:9, gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ yóò fi ìdá kan nínú mẹ́ta fẹ̀ sí i, kábíyèsí yóò sì sanra ju ìtẹ́ rẹ̀ lọ. Lẹ́tà A lórí kíbọ́ọ̀dù yóò tún un ṣe. DVD, tí kì í ṣe VCD, sábà máa ń ní interlace, lẹ́tà D sì wà fún un. Bí ẹnu òṣèré bá ń ṣáájú ohùn rẹ̀, tàbí tí ohùn ń ṣáájú ẹnu, J àti K yóò bá wọn parí ìjà. Fíìmù òkèèrè tí a ṣe fún sípíkà mẹ́fà, tí ọ̀rọ̀ ẹnu inú rẹ̀ sábà máa ń gba sípíkà àárín jáde, lè sọ ọ̀rọ̀ di ẹ̀fúùfù lórí sípíkà méjì, kí ìbọn sì máa jí aládùúgbò. Compressor inú VLC lè bá wa fi ìwọ̀ntúnwọ̀nsì sí i. Àwọn wọ̀nyí wúlò. Ẹ sì kíyè sí ohun tó so wọ́n pọ̀: fáìlì tó dára àti ẹ̀rọ tó ń gbé e jáde ni wọ́n ń mú kí ó gbọ́ra wọn yé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń dá ohun tí kò sí nínú fáìlì. Ibẹ̀ gan-an ni ààlà wà láàárín ìtọ́jú àti idán.

Àtakò kejì lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní òǹwòran kọ́ ló gba fíìmù sílẹ̀, òun kọ́ ló fún un wọ inú àwo. Kí ló kù fún un ju kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí tó lè ṣe? Ìdáhùn ni pé òǹwòran kì í ṣe aláìlọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí tó bí ó ṣe ń sọ. Nínú ìwé tí Brian Larkin gbé jáde ní 2008 lórí fídíò ní Kano, ó ṣàlàyé bí àdàkọ àdàkọ ṣe ń fa àwọ̀ inú kásẹ́ẹ̀tì gbẹ, tí ariwo sì ń bo ohùn. Ayé kásẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Gbogbo àdàkọ ló ń jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìran tiwa kò ní àwíjàre yẹn, nítorí fáìlì tí a dà kọ láti fílaṣì kan sí òmíràn kì í dín kù rárá. Àwa la ń fún un kéré kó lè gba WhatsApp kọjá, ẹni tó gbà á a tún fún un, ẹni kẹta a fún ìyókù. Nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n VLC, egungun ló kù, òun náà a sì máa ṣètò egungun. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọyẹ́ ní 2011 ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní tíátà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ bá lo ìdajì ọgbọ́n tí wọ́n ń ná lórí equalizer láti fi mọ ibi tó yẹ kí máìkì wà, fíìmù ọ̀la yóò bọ́ lọ́wọ́ ìwòsàn.

Àwọn tó mọṣẹ́ mọ ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀. Shaihu Umar, fíìmù Hausa tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, wọ́n ti kà á kún ohun tó sọnù kí wọ́n tó rí i ní 2016 nínú àkójọ Nigerian Film Corporation ní Jos. Ilé iṣẹ́ Arsenal ní Berlin bá wọn tún un ṣe, àwọn ènìyàn sì tún rí i ní àjọ̀dún fíìmù ìlú náà ní 2018. Wọn kò fi ẹ̀dà burúkú sínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n máa fa ọ̀pá kiri; fíìmù náà gan-an ni wọ́n wá lọ. Ìdí tí tiwa fi yàtọ̀ ni pé làpálàpá kì í gbowó, kì í sì í bi ènìyàn léèrè. Ẹ̀tẹ̀ ló ń béèrè: ta ló gba ohùn yìí sílẹ̀? Ọwọ́ ta lo ti rí ẹ̀dà yìí? Èló lo san fún ẹni tó ṣe é? Kí a má baà dáhùn la ṣe ń fi ọjọ́ gbogbo jókòó ti Preferences. Ẹ tẹ A, D, J tàbí K bó bá yẹ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi owó dátà tí ẹ ò bá jó lórí 4K ra fíìmù lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ̀dà tó pé ni yóò bọ́ sí yín lọ́wọ́, òun náà yóò sì rí owó san fún ẹni tí yóò gba ohùn fíìmù tó ń bọ̀ sílẹ̀ bó ti yẹ.